Èdè Méjì Lẹ́nu Ọmọ: Òṣùwọ̀n Wo Ni A Ó Fi Wọ̀n Ọ́n?

Láti Òkè-Ogbo, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀ràn tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀ràn kánjúkánjú láti oṣù kọkànlá ọdún 2025. Nígbà náà ni Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ó wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ títí dé yunifásítì, nítorí pé ibi tí a ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Láti ìgbà náà ni àwọn òbí kan ti ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá kí àwọn dẹ́kun fífi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé, kí Gẹ̀ẹ́sì lè tètè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdáhùn wa ni pé kò tọ́, kò sì pọn dandan. A kò sọ èyí nítorí ìfẹ́ ilẹ̀ baba wa nìkan. A sọ ọ́ nítorí pé ní sàkáání wa níhìn-ín gan-an ni a ti dán ọ̀ràn náà wò, tí a sì rí ohun tí ó jáde níbẹ̀.

Ní ọdún 1970, àwọn olùkọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa ni olórí iṣẹ́ náà; àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n pín àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Apá kan ni a fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì, ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti ní ohun gbogbo, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn ẹ̀kọ́ wọn, ẹni tí a ti kọ́ ní ọ̀nà tí a fi ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń kọ́ wọn. Apá kejì ń lọ gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé-ìwé yòókù ti ń lọ: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Ní 1973 a mú iṣẹ́ náà dé àwọn ilé-ìwé mìíràn. Ó parí ní 1978, ìwé tí ó ròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1989.

Kí ni wọ́n rí? Ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì, ní ẹ̀kọ́ àwùjọ àti ní Yorùbá, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, èyí tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù pé yóò bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń kọ́ ìwé kíkà ní ayé rẹ̀. Ọmọ tí ó ti mọ̀ pé àmì orí ìwé dúró fún ìró ẹnu, tí ó sì ti mọ bí a ti ń wá ìtumọ̀ nínú gbólóhùn, kò ní tún un kọ́ nígbà tí ó bá dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tuntun àti ètò tuntun ni ó kù fún un láti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi èdè tí kò gbọ́ kọ́ ní ìṣirò, ẹrù méjì ni a dì rù ú lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń wá ohun tí tíṣà ń wí, ó sì tún ń wá ohun tí ìṣirò náà jẹ́. Nígbà púpọ̀, méjèèjì ni ó ń já bọ́ lórí rẹ̀. Ó há a sórí, kò yé e.

Ẹnìkan lè wí pé àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ wọ̀nyí ní ìwé tuntun tí a kọ fún wọn, àti olùkọ́ tí a tọ́ sọ́nà, àti pé bóyá èyí ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Òtítọ́ ni pé wọ́n ní i. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé èdè nìkan kò tó. Èdè ń fẹ́ ìwé, ó sì ń fẹ́ olùkọ́. Nígbà tí a kéde ìlànà ọdún 2022, Mínísítà ìgbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Adamu Adamu, fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé kò ní lè gbilẹ̀ tán àfi bí a bá pèsè ìwé, tí a sì rí àwọn olùkọ́ tí ó kún ojú ìwọ̀n. Bí a kò bá pèsè ìwé, tí a kò sì tọ́ olùkọ́ sọ́nà, tí àwọn ọmọ sì fìdí rẹmi, ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a tó di ẹ̀bi ru èdè.

Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìjọba yóò fi èdè wa sí ẹ̀yìn. Ní 1859 ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní Yorùbá ní Abẹ́òkúta, tí àwọn ènìyàn sì ń kà á. Síbẹ̀, nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 dé sí Èkó, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbọ́, kò ka èdè ìbílẹ̀ sí. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1922, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tí ó wá yẹ ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà wò ni ó gbà wọ́n níyànjú pé èdè ọmọ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìlànà ìjọba ń lọ, ó sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kò ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọmọ gbọ́ èdè? Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò kò dọ́gba. Bí ọmọ bá ti ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti òkè òkun dé, a ó ní ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá sì ti lè kí àgbà tí ó dọ̀bálẹ̀, a ó ní ó gbọ́ Yorùbá. Àwọn ilé-ìwé kan tilẹ̀ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá fọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà. Èyí kì í kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìdákẹ́ ni ó ń kọ́ ọ, nítorí ẹni tí a ń na nítorí ọ̀rọ̀ yóò kọ́ láti má sọ ọ̀rọ̀ rárá.

Àwọn tí ó fi wíwọn èdè ṣe iṣẹ́ kò wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ní 2001 ni Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù gbé àtẹ̀gùn mẹ́fà kalẹ̀, láti A1 tí í ṣe ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, títí dé C2 tí í ṣe ti ọ̀gá. Ohun tí ó dára nínú ètò náà ni pé kò béèrè iye òfin èdè tí ènìyàn há sórí. Ohun tí ènìyàn lè fi èdè ṣe ni ó ń béèrè: Ṣé ó lè ra ọjà? Ṣé ó lè ka lẹ́tà kí ó sì fèsì? Ṣé ó lè gba ìjíròrò sílẹ̀ ní ìpàdé? Ṣé ó lè ṣàlàyé ọ̀ràn líle fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?

Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀sì wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìdánwò IELTS ṣe ẹ̀rí láti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gba 7 nínú 9 ní kíkà, ní gbígbọ́ àti ní sísọ, kí ó sì gba 6.5 ní kíkọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀mí aláìsàn wà lórí ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá sọ. Ṣùgbọ́n ta ni ń dán nọ́ọ̀sì wò ní Yorùbá kí ó tó tọ́jú aboyún tí ó ti oko wá sí Ifẹ̀? Ṣé ẹ̀mí ìyá yẹn fúyẹ́ ju ti aláìsàn ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ ni?

Bákan náà ni ní ibi iṣẹ́ ìwé. A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbà ṣe akọ̀wé. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì já gaara. Ní ọjọ́ tí a ní kí ó ka ìṣirò owó ọdún fún àwọn àgbẹ̀ onílékòkó, kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi pe èlé, kò rí èyí tí yóò fi pe gbèsè tí ó kù nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń tò lé ara wọn. Àwọn bàbá wo ara wọn lójú. Wọ́n rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún àwọn. Ìwé owó náà kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí ìpàdé ọjọ́ náà tú. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò; ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, ta ni yóò yọ obì fún un?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń tàbùkù Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí ó lè wọ yunifásítì wa láìyege nínú rẹ̀, òun ni ó sì ń ṣílẹ̀kùn ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ́ ọ dáradára, láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní Modákẹ́kẹ́. Bàbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú, tí ó sì ń fi àgékù rẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò fún ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti gba Yorùbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún àwọn ilé tí ó bá fẹ́, òṣùwọ̀n mẹ́rin nìyí tí a lè lò láìná owó.

Èkíní ni kíkà. Ẹ fún ọmọ ní ìpínrọ̀ kan nínú ìwé ìròyìn Yorùbá, kí ó kà á sókè, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì sọ ohun tí ó kà. Ní ọjọ́ kejì, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Èkejì ni àlàyé. Ohun kan tí a kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, kí ó sọ ọ́ fún ìyá àgbà ní Yorùbá, láìsí àmúlùmálà. Bí ìyá àgbà bá lè bi í ní ìbéèrè tí ó nítumọ̀, a jẹ́ pé ó yé ọmọ náà nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni kíkọ. Kí ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì kọ òmíràn sí ọ̀gá ilé-ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò lè fi àmì ya ọkọ ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀, kò tí ì mọ Yorùbá kọ.

Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́ni. Kí ó ka ohun tí a kọ sára ìgò oògùn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá: mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, ṣáájú oúnjẹ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Àgbàlagbà ni kí ó dúró tì í, nítorí àṣìṣe kékeré níhìn-ín kì í ṣe ohun eré.

Ẹ kọ ọjọ́ àti èsì rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má ṣe fi ọmọ wé ọmọ aládùúgbò. Ẹ fi í wé ara rẹ̀ ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ibi tí ó bá ti mẹ́hẹ, níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ní ilé ìwòsàn àti ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí yín. Nígbà tí ẹ bá ń fi ìbéèrè wá akọ̀wé tàbí nọ́ọ̀sì wò, ẹ fi ìwé kan sí i lọ́wọ́, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè àwọn tí yóò sìn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè fún un, àwọn ilé-ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, àwọn òbí kò sì ní bẹ̀rù mọ́ pé Yorùbá yóò pa ọmọ wọn lára. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.