TA NI Ó Ń JẸ ÈRÈ ONÍTÍRÉLÀ?

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú àti ní ìletò, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ dé Àpápá rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀rọ ìlọta yín, aṣọ òkìrìkà, oògùn tí ẹ ń fín sí kòkó, inú kọ̀ǹténà ni púpọ̀ nínú wọn gbà wọlé. Inú kọ̀ǹténà náà ni kòkó yín ń bá lọ sókè òkun. Tírélà ló ń gbé e. Ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ onítírélà, ẹ̀yin lẹ ó san án lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan ní Àgùdà, ní Súrùlérè. Ó ti wa tírélà ọlọ́kọ̀ pẹ́, ó ní òun náà fẹ́ dá dúró. Ó kó àjọ, ó yáwó kún un lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyàwó ta wúrà, wọ́n ra tòkúnbọ̀ kan. Ṣé ìyẹn kì í ṣe akíkanjú? Irú wọn pọ̀ ní Àgùdà, n'Íjẹ̀ṣà, ní Órílé.

Ṣùgbọ́n kí ni ìjọba fi pàdé rẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò tó 300 náírà. Kí ọdún náà tó dé ìdajì tán, ó ti ju 700 lọ. Dọ́là tí í ṣe nǹkan bí 460 náírà ṣáájú oṣù kẹfà 2023, ó ti kọjá 1,400 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Dọ́là la sì fi ń ra ọkọ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀. Táyà ńkọ́? Dunlop n'Íkẹjà àti Michelin ní Port Harcourt ti ṣíwọ́ táyà ṣíṣe kí 2009 tó parí.

Ẹ wá wo ọ̀nà! Ní 1975, ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì dí èbúté Èkó pa. Wọ́n sáré kọ́ Tin Can, wọ́n ṣí i ní 1977. Wọ́n kọ́ èbúté, ibi tí tírélà yóò dúró sí kò tó. Ní 2018 àti 2019, tírélà tò dé orí afárá Èkó, dé Western Avenue. Awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2021, wọ́n gbé ètò orí ẹ̀rọ dé, pé ẹni tí a kò bá pè kò gbọdọ̀ wọ Àpápá. A kò ní purọ́ mọ́ wọn, ìlà dín kù lórí afárá. Àwọn tó ń na ọwọ́ gbowó lójú ọ̀nà ńkọ́? Aláṣọ ìjọba ń gbà, ọmọ ìta ń gbà, rìsíìtì kò sí. Òṣèlú kọ́ nìyẹn, ọ̀jẹ̀lú ni!

Ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, gbèsè rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá yọ, ọmọ Àgùdà yìí á ní kí bíréèkì ṣì máa bá òun lọ ná. Ìdè irin tó yẹ kó há kọ̀ǹténà mọ́ ọkọ̀, á fi sílẹ̀ bó ṣe wà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ebi ló ń mú wọn sùn.

Ẹ̀yin ará, Ojúẹlẹ́gba kò jìnnà sí Àgùdà. Lóṣù kẹsàn-án 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá ibẹ̀, ènìyàn 3 kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2023, òmíràn tún já lu bọ́ọ̀sì lábẹ́ afárá kan náà, ènìyàn 9 ló lọ. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, “Awakọ̀! Awakọ̀!” nìkan la ń gbọ́. Awakọ̀ a máa ṣẹ̀, a gbà. Ta ni í yẹ ìdè náà wò kí kọ̀ǹténà tó jáde ní géètì? Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbowó ní gbogbo kọ́nà, ṣé wọn kò mọ̀ ọ́n yẹ bíréèkì wò ni?

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń wí kò le: kí wọ́n gba owó lójúkan ṣoṣo, pẹ̀lú rìsíìtì, kí tírélà ní ibùdó tó ní omi àti ilé ìyàgbẹ́, kí kọ̀ǹténà tí wọn kò dè má ṣe jáde ní géètì, ì báà jẹ́ ti alágbára. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì dé ọjà yín láti tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó na abọ́: rìsíìtì owó tí wọ́n ń gbà lọ́nà Tin Can dà?