Ọgbà Ni Kí Ó Ṣáájú Màlúù

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ẹran jẹko kiri léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sin màlúù ní láti sìn ín sí ojú kan. Òfin náà dára lójú ẹni tí ẹran ti jẹ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ run rí. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀ràn mìíràn ka iwájú ọmọ onílẹ̀ tí ó fẹ́ fi màlúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Kò dàgbà láàárín ẹran bí darandaran tí ń fi ọ̀pá àti ohùn nìkan kápá wọn. Kí ni yóò fi dá wọn dúró ní ọjọ́ abẹ́rẹ́?

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni okùn: kí a so ẹran mọ́ igi, kí géndé márùn-ún sì gbé e ṣubú. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Oyún lè ṣẹ́ lára abo tí a gbé lulẹ̀, egungun ènìyàn sì lè ṣẹ́ pẹ̀lú. Èyí tí ó burú jù ni pé màlúù kì í gbàgbé. Bí a bá fi ìyà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò máa sá fún ọwọ́ ènìyàn, yóò sì rẹ olówó rẹ̀ títí tí kò fi ní ránṣẹ́ pe dókítà ẹran mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún yóò yí po láìsí abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù. Ní oṣù keje ọdún 2023, a rí àrùn anthrax lára ẹran ní Ìpínlẹ̀ Niger. Àrùn yìí a máa pa ẹran àti ẹni tí ó kun ún, èso rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abẹ́rẹ́ tí ń dènà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gún ẹran tí kò dúró.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí owó àkọ́kọ́ lọ sórí ọgbà àti ìhámọ́ tóóró, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní kírọ́ọ̀ṣì. Kò ju ìlà òpó méjì lọ, tí a kan igi ìdábùú mọ́, tí ẹran yóò máa gba àárín rẹ̀ kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn yóò gba màlúù mẹ́rin. Kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ó kéré tán, kí a sì ri òpó mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Igi ayin àti apá ni mo yàn fún òpó, nítorí ikán kì í tètè mú wọn.

Ní ti fífẹ̀ rẹ̀, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Íǹṣì 28 ló bá màlúù funfun àwọn Fúlàní mu, ṣùgbọ́n múturú kúkurú tí kò ní iké yóò yí padà nínú rẹ̀ bí ẹni ń jó. Bẹ́ẹ̀ sì ni múturú àti N'Dama ni mo máa ń gba àgbẹ̀ ìhà wa níyànjú láti sìn, nítorí wọ́n lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ìran N'Dama ṣẹ̀ wá láti òkè Fouta Djallon ní ilẹ̀ Guinea, ìjọba sì ti sìn ín ní oko Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ẹ wọn ẹran yín: kí ara rẹ̀ lè kọjá, kí ó má lè yí.

Ibi tí a ó kọ́ ọ sí ṣe pàtàkì. Àpáta pọ̀ ní Ọ̀kà, ojú rẹ̀ sì mọ́ tónítóní láìsí ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n pátákò ẹran ń yọ̀ lórí rẹ̀, ẹran tí ó bá sì ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò kọ̀ láti wọlé. Ilẹ̀ tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí sàn jù. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú màlúù wà, ó sì ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ àfi ẹ̀yìn gan-an. Òjìji tàbí aṣọ tí a fi kọ́ igi tó láti dá a dúró. Ọ̀mọ̀wé Temple Grandin ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà a máa wọ inú ìhámọ́ fúnra rẹ̀ láti wo ohun tí ń ba ẹran lẹ́rù níbẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a hun dí ẹ̀gbẹ́ ìhámọ́ yóò ṣe iṣẹ́ pátákó. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ rárá, nítorí yóò fa ẹran ya.

Irin tí ń dì mọ́ ọrùn ẹran dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, èyí tí a bá sì ṣe fún màlúù tí kò ní ìwo kò lè gba ìwo gígùn ti màlúù funfun. Igi gbọọrọ méjì tí a fi okùn fà pọ̀ níwájú tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Okùn tí a ó fi mú ẹran, ẹ jẹ́ kí ó gba ẹ̀yìn etí àti orí imú. Ojóbó lọ́rùn lè fún ẹran pa.

Ohun kékeré kan wà tí àwọn ènìyàn fojú tẹ́ńbẹ́lú: tépù tí a fi ń wọn àyà màlúù láti mọ bí ó ti wúwo tó. Láìsí i, oògùn yóò kéré jù, kòkòrò àrùn yóò sì kọ́ bí a ti ń fara dà á. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín kòkó tàbí oògùn apako, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fín eégbọn lára ẹran. Ẹ ra òmíràn.

Burdizzo tí a fi ń tẹ akọ lọ́dàá láìdá ọgbẹ́ kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún fún agbo kékeré. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kí ó rà á. Àwọn kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ́ ìhámọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ìlú. Èmi rò pé ibẹ̀ ni àrùn yóò ti máa ràn láti agbo kan dé èkejì. Kí irinṣẹ́ máa rìn lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́, kí ẹran jókòó. Abẹ́rẹ́ kan kò sì gbọdọ̀ gún ẹran méjì.

Fún ọgbà ìta, òpó akóko ni kí ẹ lò, nítorí igi tí ó yè ni, ikán kì í jẹ ẹ́. Ẹ rì í nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ta gbòǹgbò dáadáa kí ẹ tó kan ìdábùú mọ́ ọn. Màlúù lè wà lọ́dọ̀ ẹni tí ń tà á títí di ìgbà náà.