Ilẹ̀kùn Inú Fóònù

Ẹni tí ó bá dé ààfin Ọlọ́wọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ yóò rí i pé ilé náà kì í ṣe ilé tí ènìyàn lè wọ̀ tààrà bí ẹni wọ ọjà. Àgbàlá ni ó ń tẹ̀lé àgbàlá. Ùghà ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ pé iye wọn tó ọgọ́rùn-ún ní ayé àtijọ́. Kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó ń dé gbogbo ùghà. Ẹni tí ó wá kí ọba ní ibi tí ó ń dúró sí, ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá ní ibi tirẹ̀, àwọn ìjòyè ní ibi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀, ìdílé ọba sì ní ibi tí ojú àjèjì kì í tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni bá mọ ni ẹsẹ̀ ẹni ń mọ. Àwọn tí ó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò kórìíra àlejò. Ilé ọba kò sì lè ṣe aláìní àlejò. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tí ó ń gba gbogbo ayé ní àlejò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gba olúkúlùkù dé.

Ọmọ-ọmọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó ń rìn ní òpópó Ọ̀wọ̀ lónìí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí gbogbo ilẹ̀kùn inú fóònù náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Láti Ìpele dé Ìdóànì, kò sí ohun èlò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ tó WhatsApp. Nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á sórí fóònù rẹ̀, tí kò sì fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní nọ́ńbà rẹ̀ lè wo àwòrán ojú rẹ̀, ó sì lè fà á wọ inú ẹgbẹ́ tí kò mọ orí, tí kò mọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe olè ni ó ṣí ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ohun èlò náà ni ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ọjà ṣe ń tà tó. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan náà ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ara ilẹ̀kùn. Ní ojú ewé tí fóònù pè ní Settings, níbi tí a kọ Privacy sí, ènìyàn lè yàn bóyá gbogbo ayé ni yóò máa rí àwòrán òun, tàbí àwọn tí òun mọ̀ nìkan, tàbí àwọn tí òun mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn kan, tàbí kí ẹnikẹ́ni má rí i rárá. Iṣẹ́ náà kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ohun ìyanu ni pé ọmọ ilé-ìwé tí ó lè yí àwọ̀ ojú fóònù padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń wá ohùn orin tuntun sí i, kò tíì dé ojú ewé yìí rí.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí ewu, nítorí pé ọ̀rọ̀ orí WhatsApp ní àgádágodo. Òtítọ́ ni. Láti ọdún 2016 ni a ti ń ti ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ láàárín ẹni méjì pa tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àgádágodo tí ó wà lára ẹrù kò ran ẹni tí ó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba lọ́wọ́, kò sì ran ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí olè.

Bí olè bá sì fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà, báyìí ni ó ń ṣe. Yóò mú fóònù tirẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà obìnrin kan tí ń ta iṣu ní Ọjà-Ọba sí inú WhatsApp, bí ẹni pé òun ni obìnrin náà. WhatsApp yóò fi iye kan tí ó jẹ́ ẹyọ nọ́ńbà 6 ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tí ó ni nọ́ńbà. Olè kò rí iye yìí. Nítorí náà yóò pe obìnrin náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Yóò pè é ní màmá, yóò ní òun ni akọ̀wé ìpàdé tuntun tí ìjọ fẹ́ ṣe, àti pé kí màmá jọ̀wọ́ ka iye tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀, kí òun lè fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn yòókù. Bí ó bá kà á, ó parí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ alájọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó, àti àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò máa gba iṣẹ́ pé màmá wà nínú wàhálà, kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́ sí àpò ìfowópamọ́ báyìí báyìí. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jùlọ ni yóò kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́. Orúkọ rere tí ó fi ogún ọdún kó jọ ní ọjà ni olè yóò ná tán ní ọ̀sán kan.

Ohun tí ó dènà èyí kéré púpọ̀. Láti ọdún 2017 ni WhatsApp ti fi ilẹ̀kùn kejì sí i: nọ́ńbà 6 mìíràn tí ẹni tí ó ni fóònù yàn fúnra rẹ̀, tí a kì í fi ránṣẹ́ láti ibìkan, tí kò sì sí níbòmíràn ju inú orí rẹ̀ lọ. Bí olè tilẹ̀ ti rí iye àkọ́kọ́ gbà, ilẹ̀kùn kejì yóò dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ni ilé kò bá fi ilẹ̀kùn yìí sí i, olè lè fi í sí i. Nígbà náà, onílé yóò kọ́kọ́ lé olè jáde nípa títún nọ́ńbà rẹ̀ fi wọlé, ṣùgbọ́n ìta ni òun náà yóò wà fún odidi ọjọ́ 7 kí ó tó lè wọ ilé ara rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ gba Ìfọ̀n lọ sí Benin kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ṣeré. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adeusi, ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí ilé nígbà tí àwọn agbébọn dá a lọ́nà nítòsí Ẹlẹ́gbẹ̀ka, wọ́n sì pa á. Gbogbo Ọ̀sẹ́ ni ó ṣọ̀fọ̀. Kò sí ìdí kankan láti sọ pé fóònù ni ó tú ìrìn-àjò ọba náà fó. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ọmọ tí ń lọ sí ilé fún ìsinmi ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé àwòrán ọkọ̀ tí ó wọ̀ síta, pẹ̀lú wákàtí tí ọkọ̀ yóò gbéra àti orúkọ ìlú tí ó ń lọ. WhatsApp lè fi ibi tí ènìyàn wà gan-an han ẹlòmíràn, bí ó ti ń rìn, fún ìṣẹ́jú 15, tàbí wákàtí 1, tàbí wákàtí 8. Bí bàbá kan bá ń tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà báyìí títí ó fi dé, ohun tí ó dára ni. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ igba ènìyàn ni ọmọ náà fi í hàn, tí kò sì mọ ìdajì wọn, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Ilẹ̀kùn kan náà ni; ẹni tí a ṣí i fún ni ó yàtọ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe àjèjì nìkan ni ó yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́ra fún. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní èyí, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Igógo ní ìrántí Ọ̀rọ̀nṣẹn, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Ìtàn sọ pé èèwọ̀ mẹ́ta ni obìnrin náà ní: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá ní ojú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ níbi tí ó wà. Ta ni ó fi èèwọ̀ wọ̀nyí pa á lára? Kì í ṣe ọ̀tá láti ìlú mìíràn. Àwọn orogún rẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú ààfin. Ìgbà tí ọba kò sí nílé ni wọ́n sì ṣe é, tí obìnrin náà fi bínú jáde, tí kò padà mọ́. Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni.

Orogún orí fóònù pọ̀ ju ti ààfin lọ. Ní ayé àtijọ́, ìyá tí kò mọ̀wé ni ó ń lọ bá akọ̀wé lẹ́tà, tí akọ̀wé náà sì ń mọ gbèsè rẹ̀ àti ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Lónìí, ọmọkùnrin tí ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ń ṣí ojú-ìwé Facebook fún un, òun ni ó sì yan ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ní ilé-ìwé ńkọ́? Ọ̀rẹ́ méjì yóò fi ọ̀rọ̀ ìwọlé han ara wọn láti fi ìfẹ́ hàn. Nígbà tí ìjà bá dé, ìfẹ́ yóò lọ, ọ̀rọ̀ ìwọlé kò ní lọ. Àwọn mìíràn ti so WhatsApp wọn mọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn nígbà kan, wọ́n sì gbàgbé. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni ẹni náà lè máa kà títí di òní. Orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ fóònù wà lábẹ́ Linked Devices, ẹnikẹ́ni sì lè yọ èyí tí kò mọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìjọba kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Abala 37 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọ̀wọ̀ fún ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú, fún ilé rẹ̀, fún lẹ́tà rẹ̀, àti fún ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí fóònù. Ní ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fi ọwọ́ sí òfin mìíràn tí ó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ tí ń gbèjà àwọn oníbàárà bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tí ó ni WhatsApp, lórí ọ̀nà tí ó ń gbà lo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà; ní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sì fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin a máa dé lẹ́yìn tí ewúrẹ́ ti kúrò ní ìso, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí yóò wá sí Ìfọ̀n láti wá bá ènìyàn ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá sọ pé ẹni tí kò ṣe ohun ìtìjú kò ní ohun tí yóò fi pamọ́, kí ó kọ́kọ́ wí fún ọjà irú ènìyàn tí ó ń di owó rẹ̀ mọ́ etí ìró. Ṣé olè ni ó jí i ni? Ní agbo ilé, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹun pọ̀, olúkúlùkù ṣì ní yàrá rẹ̀. Ní ìdàkejì, ó yẹ kí a bá àwọn ọmọ kan wí, tí wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ yìí fún wọn láyè láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òbí wọn. Wọn yóò yọ orúkọ ìyá wọn kúrò lára àwọn tí ó lè rí àwòrán wọn, wọn yóò sì fi ẹgbẹ̀rún àjèjì sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ìṣọ́ra. Orí ni ó yí padà di ìdí.

Ọmọ tí ó ka ìwé dé ibi tí ó lè ka ojú ewé Settings ní iṣẹ́ kan láti ṣe ní ilé ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó ṣí ojú ewé náà, kí ó ṣàlàyé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan fún un, kí ó sì bi í léèrè ẹni tí ó fẹ́ kí ó máa wọlé. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi nọ́ńbà 6 tí ìyá yóò yàn fúnra rẹ̀, kí ọmọ náà gbé fóònù lé e lọ́wọ́, kí ó sì yí ojú sí ògiri títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ tán.