Ẹ Tọ́jú Olùkọ́, Kí Ọmọ Lè Rí Ojú Rere

Bí àwọn òbí bá pàdé láti sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ì báà jẹ́ ní Pobè, ì báà jẹ́ ní Sakété, ẹ̀sùn kan náà ni a máa ń gbọ́: pé àwọn olùkọ́ òde òní kò ní sùúrù, pé ojú wọn le, pé wọn kò fẹ́ràn ọmọ bí àwọn ti àtijọ́. A sọ ọ́ tán, a tú ká, olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí olùkọ́ náà sùn, ohun tí ó jẹ kí ó tó dé iwájú ọmọ, tàbí bóyá ó gbọ́ èdè tí àwọn ọmọ náà fi ń sunkún. Àwa ní tiwa sọ pé àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ni ó yẹ kí ó ṣíwájú ẹ̀sùn. Ọ̀yàyà inú kíláàsì kì í ṣe ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi fún olùkọ́ kan tí ó sì fi du òmíràn. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ náà sì ní ohun èlò tirẹ̀. Ẹni tí a kò fún ní ohun èlò, kí a má bi í pé kí ló dé tí iṣẹ́ kò yọrí.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI. Ó ti mọ bí a ti ń kí àgbà ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ó ti bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ọsàn ní ọjà, ó sì mọ iye tí ó kù nígbà tí oníbàárà bá mú márùn-ún nínú ogún. Ó mọ àlọ́, ó mọ orúkọ ewé, ó mọ ẹni tí í ṣe ẹ̀gbọ́n òun àti ẹni tí í ṣe àbúrò. Ọmọ tí ó gbọ́n tó báyìí wọ inú kíláàsì, a sì sọ ọ́ di odi láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí olùkọ́ ń sọ kò yé e. Ohun tí òun mọ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó dákẹ́. Bí ó bá sì dákẹ́ títí oṣù mẹ́ta fi kọjá, a ó ní ọmọ náà kò já fáfá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ni ó dí i lẹ́nu.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ọkàn ọmọ bá balẹ̀ sí ni ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó mọ orúkọ tí ìyá ọmọ ń pè é nílé yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé ìbí, tí ó ń béèrè bóyá ara ìyá àgbà ti yá, olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò fi àkókò ẹ̀kọ́ ṣòfò. Ilẹ̀kùn tí ìṣirò àti ìwé kíkà yóò gbà wọlé ni ó ń ṣí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohùn tútù ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó.

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fún wa. Wọn yóò ní pàṣán ni a fi kọ́ àwọn, àwọn sì di èèyàn. A kò bá wọn jiyàn pé wọ́n di èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí pàṣán lé kúrò nílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n fi CP sílẹ̀ gba oko lọ, àwọn yẹn kì í sí ní ìjókòó tí a ti ń yin pàṣán. Ẹni tí ó la odò já ní ń ròyìn omi. Ẹni tí omi gbé lọ kò rí ẹnu sọ tirẹ̀. Wọn yóò tún fi òwe tì í lẹ́yìn, pé ọwọ́ òsì ni a fi ń na ọmọ. Òwe náà kò parí síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì lágbára jù nínú méjèèjì.

Òfin pàápàá ti bá wa dá sí i. Òfin nọ́mbà 2015-08, tí a ṣe ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2015 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Benin, ka lílu ọmọ nílé ẹ̀kọ́ léèwọ̀. Òfin rere ni. Síbẹ̀, òfin tí ó gba pàṣán lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò sì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Olùkọ́ kan ṣoṣo níwájú ogunlọ́gọ̀ ọmọ, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí kò gbọ́ èdè wọn, tí wọn kò sì gbọ́ èyí tí ó ń sọ, kí ni yóò fi mú wọn fetí sílẹ̀ bí kò ṣe ariwo àti ìhàlẹ̀?

Ìwà líle yìí kì í ṣe àwọn olùkọ́ wa ni ó dá a sílẹ̀. Ní oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 1944, àwọn aláṣẹ Faransé ṣe ìpàdé ní Brazzaville. Lára ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀ ni pé èdè Faransé nìkan ni kí a máa fi kọ́ni, kí a má sì lo èdè ìbílẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba, ì báà jẹ́ nílé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ìlànà náà ti wà kí ìpàdé tó wà. Brazzaville wulẹ̀ fi èdìdì dì í ni. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni ó bí ohun tí a ń pè ní le signal, tí àwọn mìíràn ń pè ní le symbole: ohun ìtìjú tí a ń fi kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn, tí kò sì ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bí ó bá mú ọmọ mìíràn tí ó jẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Bernard Dadié, òǹkọ̀wé ọmọ Côte d'Ivoire, ròyìn rẹ̀ nínú Climbié, ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1956. Ẹ ro ohun tí èyí fi kọ́ ọmọ: kí ó máa ṣọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa fi í sùn. Ẹ sì ro ohun tí ó sọ olùkọ́ dà: ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ òbí kejì wá di ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ẹnu ọmọ ọdún méje.

Ní òdìkejì ààlà, ní Ìlaró àti ní Ìmẹ̀kọ, níbi tí àwọn ìbátan wa wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èdè Yorùbá ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, tí ó kọ ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó láti 1889 dé 1945, ti fi ìyàtọ̀ ìhà méjèèjì hàn. Ẹbí kan náà, èdè kan náà. Àmọ́ ọmọ kan gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́, èkejì kò gbọ́ ọ. Òmìnira dé ní 1960. Okùn signal ti já lọ́rùn ọmọ, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wo èdè ọmọ ní kíláàsì kò tíì yí padà tó.

Ẹ wá wo olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí àpò ìjọba gbẹ, a dáwọ́ gbígba olùkọ́ sẹ́nu iṣẹ́ dúró, a sì ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pa. Àwọn ìlú àti àwọn òbí ni wọ́n dá owó jọ láti gba àwọn tí a pè ní enseignants communautaires. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ kíláàsì láìkọ́ iṣẹ́ náà, lórí owó tí kò tó nǹkan. Ní 2006, ìjọba fagi lé owó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni, àwọn ọmọ sì ya wọlé. Èjìká olùkọ́ ni ẹrù wọn bọ́ sí. Láti 2019 ni a sì ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ tí a ń pè ní aspirants au métier d'enseignant, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lórí àdéhùn tí ó ní ọjọ́ òpin. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò wà nílé ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún tí ń bọ̀, báwo ni yóò ṣe fi gbogbo ọkàn rẹ̀ so mọ́ ọmọ tí ó wọ CI lónìí? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àìfọkànbalẹ̀ náà, ebi ni.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1966, a fọwọ́ sí ìwé àbá kan ní Paris lórí ipò olùkọ́, láti ọwọ́ UNESCO àti àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, OIT. Ìwé náà sọ ọ́ gbangba pé kí iṣẹ́ olùkọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣe pàtàkì fún ẹ̀kọ́ bí ó ti ṣe pàtàkì fún olùkọ́. Ọjọ́ náà ni gbogbo ayé fi ń ṣe ọjọ́ olùkọ́ láti 1994. Lọ́dọọdún, a máa ń sọ̀rọ̀ dídùn ní ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í san owó ilé.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe ti ìjọba. Ti ìlú ni. Olùkọ́ tí a gbé láti Natitingou tàbí láti Aplahoué wá sí Igana, sí Issaba, sí Takon tàbí sí Yoko, àlejò ni. Kò gbọ́ èdè wa, kò ní ìbátan níbẹ̀. Bí kò bá rí yàrá ní abúlé, yóò máa ti ọ̀nà jíjìn wá lórí ọ̀kadà. Ẹni tí ó bá sì mọ ilẹ̀ dúdú Issaba ní ìgbà òjò mọ irú ẹrẹ̀ tí yóò là kọjá. Ta ni yóò dé láti inú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò rẹ́rìn-ín sí ọmọ? Àṣà wa kò kọ́ wa láti ṣe àlejò báyìí. Bí àlejò bá dé, a ó bu omi fún un, a ó kí i kú ìrìn, a ó wá ibi tí yóò sùn. Kí ló dé tí olùkọ́ nìkan fi di àlejò tí a kò bu omi fún, tí a sì ń retí pé kí ó wá máa bu omi fún àwọn ọmọ wa? Ọmọ tí ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé kò ní bọ̀wọ̀ fún un ní kíláàsì.

Èdè ni ohun èlò tí ó wọ́n jù fún olùkọ́ àlejò, òun sì ni ó rọ̀ wá lọ́rùn jù láti fún un. Ẹ wo ìṣirò. Quatre-vingts ni Faransé ń pe 80, èyí tí í ṣe ogún lọ́nà mẹ́rin. Kí ni ọgọ́rin wa bí kò ṣe ogún mẹ́rin? Dix-sept ni wọ́n ń pe 17, mẹ́wàá àti méje. Àwa ní ẹ̀tàdínlógún, ogún dín mẹ́ta. Olùkọ́ tí ó bá lè fi ọ̀nà méjèèjì han ọmọ ti jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohun tí òun gbé ti ilé wá, ìmọ̀ ni. Ojú ọmọ yóò là, yóò dáhùn, yóò béèrè, olùkọ́ náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ariwo. Ará yóò tu àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù pé bí Yorùbá bá wọ kíláàsì, Faransé yóò sá, ọmọ kò sì ní gba CEP. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Orílẹ̀-èdè Benin fúnra rẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ó kọ́kọ́ wọ ètò ELAN, tí àwọn orílẹ̀-èdè elédè Faransé dá sílẹ̀ kí ọmọ lè fi èdè ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé. Òfin àgbà ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sì fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti máa sọ èdè wọn, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí òfin kan tí a ó rú bí olùkọ́ bá kí ọmọ ní èdè tí ọmọ gbọ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò ṣókùnkùn. Kí ìjọba fún olùkọ́ ní àdéhùn tí yóò jẹ́ kí ó lè bá ọmọ dàgbà láti CI dé ibi tí ó ti lè dá ìwé kà. Kí owó rẹ̀ sì dé lákòókò. Kí àwọn tí ń pín olùkọ́ káàkiri wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú fún CI àti CP, níwọ̀n bí wọ́n bá ti lè rí i. Kí àwọn commune Pobè àti Sakété ka ilé olùkọ́ ní abúlé mọ́ ara ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé kíláàsì tí a kọ́ láìsí ibi tí olùkọ́ yóò sùn, ìdajì ilé ni. Kí ẹgbẹ́ àwọn òbí lọ kí olùkọ́ tuntun ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n tó lọ fẹjọ́ sùn ún ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ náà ní ipa tiwa. A dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ṣètò ẹ̀kọ́ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn olùkọ́ àlejò ní ìlú méjèèjì kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé: ìkíni, orúkọ ẹ̀yà ara, òǹkà, ọ̀rọ̀ tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjèèjì kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ sínú ìwé pélébé, Yorùbá ní apá kan, Faransé ní apá kejì, kí wọ́n sì fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìwé, àgbà ni níwájú ọmọ CI.

Bí 5 oṣù kẹwàá bá tún dé, kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó lọ sọ̀rọ̀ dídùn: Ta ni olùkọ́ CI ní àdúgbò mi? Níbo ni ó ń gbé? Èdè wo ni ó gbọ́? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó lọ wá a lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó kí i, kí ó tó wá sọ fún wa pé ojú olùkọ́ le.