Ta Ni Ó Ń Tọ́jú Ọmọ Náà?



Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun bá jókòó lóru láti fún ọmọ lọ́mú, kí oorun má baà gbé òun lọ, eré *Dexter* ni òun máa ń wò. Ó ti wo sáà mẹ́rin. Ní òru ọjọ́ tí ó parí sáà kẹrin, ó sunkún débi pé ọkọ rẹ̀ ta jí, tí ó ń béèrè bóyá ara ọmọ kò yá ni. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ mi ni pé, ṣé kí òun máa bá eré náà lọ? Sáà mẹ́rin mìíràn ṣì wà níwájú, gbogbo ẹni tí òun bá sì bi ni ó ń mi orí.

Ìbéèrè yìí kò kéré lójú mi. Ìpín 96 ni eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìpín kọ̀ọ̀kan sì ń gbà tó 50 ìṣẹ́jú. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ó tó 80 wákàtí. Ìdajì rẹ̀ ni ó kù fún ìyàwó yìí, ìyẹn ni 40 wákàtí, láti inú oorun tí kò tó rárá tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù dá a lóhùn.

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí kò mọ eré náà, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Showtime ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde láti oṣù kẹwàá ọdún 2006 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Jeff Lindsay kọ ní ọdún 2004 ni wọ́n ti mú un. Kí n tètè sọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọmọ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ bá wà ní pálọ̀, ẹ pa á.

Dexter Morgan, tí Michael C. Hall ṣe, ń bá àwọn ọlọ́pàá ìlú Miami ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ta sára ògiri níbi tí wọ́n bá ti pa ènìyàn, kí ó sì sọ bí ìpànìyàn náà ti ṣẹlẹ̀. Apànìyàn ni òun fúnra rẹ̀. Lóru, ó ń dọdẹ àwọn apànìyàn tí òfin kò rí mú, ó ń pa wọ́n, ó sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkú wọn lọ dà sínú òkun. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 3 ni wọ́n pa ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ni ó sì jókòó sí títí ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Harry fi wá gbé e, tí ó sì sọ ọ́ di ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Harry rí i pé ọmọ yìí kò ní lè ṣe kí ó má pànìyàn, ó fún un ní òfin: má pa aláìṣẹ̀, má sì jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni, n kò rò pé ìyàwó ilé kankan yóò wò ó dé ìpín kẹta. Ohun tí ó mú wa jókòó ni Rita. Julie Benz ni ó ṣe é. Ìyá ọmọ méjì ni, Astor àti Cody. Ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Paul, a máa lù ú bí ẹni lu aṣọ òfì, ẹ̀wọ̀n ni ó sì wà nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Rita fẹ́ràn Dexter nítorí pé ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni lójú rẹ̀, kì í pariwo, kì í fi agbára béèrè ohunkóhun. Dexter ní tirẹ̀ mú Rita gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìbora, kí ayé lè rò pé ènìyàn bí àwọn ni òun. Nígbà tí Paul jáde lẹ́wọ̀n tí ó tún fẹ́ dààmú wọn, páànù tí a fi ń dín ẹyin ni Dexter gbá mọ́ ọn lórí nínú ilé ìdáná Rita. Mo mọ obìnrin tí ó dìde dúró pàtẹ́wọ́ ní ibi yẹn, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé èmi ni.

Ìrọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ bí ìfẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ìrọ́ náà ń di òtítọ́ mọ́ Dexter lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní sáà kẹta, ní ọdún 2008, Rita sì ti lóyún. Nígbà tí sáà kẹrin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, wọ́n ti kó lọ sí ilé tuntun, ọmọ jòjòló tí wọ́n sọ ní Harrison kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Ẹ wo bí òǹkọ̀wé ṣe mọ ilé: apànìyàn yìí tí kò sí ọlọ́pàá tí ó lè mú un, ẹkún ọmọ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u láṣìírí. Oorun gbé e lọ nídìí ọkọ̀, ọkọ̀ dànù, nígbà tí ojú rẹ̀ sì wálẹ̀, kò rántí ibi tí ó gbé òkú sí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ìyọ̀ títí tí ẹ bá a nínú àpótí aṣọ ọmọ yóò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ibí yìí ti tọ́ ọmọ rí.

Sáà kẹrin yìí kan náà ni Arthur Mitchell dé, èyí tí John Lithgow ṣe. Díákónì ni ní ìjọ rẹ̀, ó ń kọ́ ilé fún àwọn aláìnílé, ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì, ó sì ti ń pa ènìyàn káàkiri Amẹ́ríkà fún 30 ọdún. Nígbà tí Dexter mọ̀ ọ́n, kò pa á. Ó ní kí òun kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin yìí ti rí ọ̀nà gbé e tí ó fi jẹ́ apànìyàn àti baálé ilé pọ̀. Ó ń lọ sí ilé wọn bí ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe ní oṣù kọkànlá, wọ́n tẹ́ tábìlì, oúnjẹ kún orí rẹ̀, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni Dexter tó rí i pé ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ara ìyàwó náà ń gbọ̀n. Yàrá ọmọbìnrin ni wọ́n ń tì láti ìta. Ọmọkùnrin náà kò lè fara dà á mọ́, ó kọjú sí bàbá rẹ̀, bàbá sì fún un lọ́rùn. Dexter fi ìgbànú fa Arthur kúrò lára ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Nínú gbogbo eré náà, ibí yìí ni èmi kò lè gbàgbé, kò sì sí òkú kankan níbẹ̀.

Ìfàsẹ́yìn tí Dexter fi ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ó gba ẹ̀mí Rita. Nínú ìpín tí ó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2009, Dexter dé ilé lẹ́yìn tí ó ti pa Arthur tán, ó sì bá Rita nínú ibi ìwẹ̀, ó ti kú. Arthur ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Harrison jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti jókòó nígbà kan. Kò yà mí lẹ́nu pé ìyàwó yìí sunkún, pàápàá pẹ̀lú ọmú lẹ́nu ọmọ.

Lẹ́yìn sáà yìí ni Clyde Phillips, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn òǹkọ̀wé, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò ní sọ pé gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó burú. Sáà karùn-ún, ní ọdún 2010, ní obìnrin kan tí ń jẹ́ Lumen, tí àwọn ọkùnrin kan ti fi ojú rẹ̀ rí màbo. Julia Stiles ṣe é dáadáa, ìgbẹ̀san rẹ̀ sì ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Wọ́n kó Astor àti Cody lọ sọ́dọ̀ òbí àgbà wọn ní Orlando. Ó kù Harrison. Wọ́n gba obìnrin kan láti Ireland kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí sáà kẹfà dé, a kò rí obìnrin náà mọ́, àbúrò Angel Batista, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, ni ó ń tọ́jú ọmọ. Dexter lè jáde nígbàkígbà, kí ó dé nígbàkígbà. Ọmọ ti sùn. Ọmọ wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ọmọ ti jẹun. Ta ni ó se oúnjẹ náà?

Ẹ̀yin kan yóò rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ìyá àgbà yìí ń wo eré ìpànìyàn, ó ń béèrè oúnjẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni eré náà ti ṣìnà. Nígbà tí Rita wà, gbogbo ìrọ́ tí Dexter bá pa ni ó ní iye tí ó ń ná an, nítorí pé ẹnìkan ń dúró dè é nílé, ẹnìkan ń bi í pé níbo ni o wà lálẹ́ àná. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò béèrè mọ́, ewu kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn òǹkọ̀wé sì ní láti máa fi idán bo àlàfo.

Ẹ wo sáà kẹfà ní ọdún 2011. Ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pa ènìyàn nítorí òpin ayé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpín, wọ́n ṣí aṣọ lójú wa: ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti kú tipẹ́, inú ẹ̀rọ amómidì ni òkú rẹ̀ wà, ọmọ ẹ̀yìn nìkan ni ó ń rí i. Èmi tí mo ń ṣa ẹ̀wà bí mo ti ń wò ó ti mọ̀ kí ẹ̀wà náà tó dé orí iná. Ní sáà kan náà ni wọ́n sọ pé Debra, ọmọbìnrin Harry tí òun àti Dexter jọ dàgbà bí ọmọ ìyá, ti ní ìfẹ́ Dexter bí obìnrin ti í fẹ́ ọkùnrin. Ẹ̀rín pa mí díẹ̀, nítorí pé Jennifer Carpenter tí ó ṣe Debra àti Michael C. Hall ti fẹ́ ara wọn lóòótọ́ ní òpin ọdún 2008, wọ́n sì ti kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 2011 yẹn. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn, kò bójú mu, kò sì so èso kankan.

Sáà keje ta jí díẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Debra ti ká Dexter mọ́ ibi tí ó ti ń pànìyàn, ó sì ń gbé pẹ̀lú ìmọ̀ náà. Ẹnìkan tún wà nílé tí ń béèrè. Ní òpin sáà náà, Debra yìnbọn pa ọ̀gá rẹ̀, María LaGuerta, kí ọwọ́ má baà tẹ Dexter. Ìyẹn dùn mí dé egungun.

Nípa sáà kẹjọ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Hannah McKay ni olólùfẹ́ Dexter nígbà náà, obìnrin tí ó ń fi májèlé pa ènìyàn, tí àwọn ọlọ́pàá sì ń wá kiri. Òun ni wọ́n fi ṣọ́ ọmọ. Ọmọ gun ẹ̀rọ tí a fi ń sáré nínú ilé, ó ṣubú, àgbọ̀n rẹ̀ ya, apani-lóró sì gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n lójú gbogbo àwọn òǹkọ̀wé náà ni orí Harrison wọ́. Nígbà tí ó parí, Debra kú, Dexter gbé òkú rẹ̀ sọ sínú òkun, ó fi ọmọ rẹ̀ lé Hannah lọ́wọ́ kí ó mú un lọ sí Argentina, ó wa ọkọ̀ ojú omi wọnú ìjì, ayé sì rò pé ó kú. Kò kú. Ó ń gé igi gẹdú ní Oregon, ó gbọ́ irùngbọ̀n.

Bí ẹ bá ń béèrè ìdí tí wọn kò fi dáwọ́ dúró nígbà tí ọbẹ̀ ṣì ki, ẹ gbọ́ èyí: ìpín ìkẹyìn náà ni ènìyàn wò jù lọ ní gbogbo ọdún tí eré náà fi wà títí di ìgbà náà, ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 2.8. Bí àlejò bá ń wọlé sí i, oníṣòwò ọbẹ̀ kì í sọ ìkòkò kalẹ̀. Omi ni yóò bù sí i.

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n, ìdáhùn mi sí lẹ́tà rẹ nìyí. Má wò ó mọ́. Sáà mẹ́rin tí o wò yẹn, odindi ìtàn ni, ó sì parí síbi tí ó yẹ kí ó parí sí, bí ó tilẹ̀ dunni. Ohun tí ó kù ni mo ti sọ fún ọ yìí, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ara rẹ kò bá gbà, wo ìbẹ̀rẹ̀ sáà keje nítorí Debra, kí o sì sùn.

Ohun kan ṣì wà. Ní òpin ọdún 2021 wọ́n tún mú eré náà padà fún ìpín mẹ́wàá, Clyde Phillips sì padà wá darí rẹ̀. Harrison ti di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó wá bàbá rẹ̀ kàn nínú ìlú tútù kan ní ìpínlẹ̀ New York. Ó bi í ní gbogbo ìbéèrè tí mo ti ń bi láti ọdún 2010. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ó yìnbọn lù ú láyà. Mo ní ó tán. Ní ọdún 2025, wọ́n gbé eré tuntun jáde, wọ́n ní Dexter kò kú. Èmi kò tíì wo èyí. Bí ẹnìkan nínú yín bá ti wò ó, kí ó kọ̀wé sí mi, kí ó sọ fún mi bóyá a rí ẹni tí ó se oúnjẹ fún ọmọ náà níkẹyìn.