Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Ẹlẹ́gbẹ́

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan àwọn ọmọ tí a ń tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín. Àwọn òbí a máa mú wọn wá sí ilé òrìṣà pẹ̀lú ẹjọ́: ó ń dá sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, ó ń ké lóru, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Kí òbí náà tó jókòó, ó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́: ẹlẹ́gbẹ́ ni ọmọ yìí, emèrè ni. Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ kò ju àmì ọjọ́ orí lọ, àti pé orúkọ tí a sáré fún ọmọ a máa ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ ju ohun tí a ń bẹ̀rù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mo gba Ẹgbẹ́ Ọ̀run gbọ́. Mo ti bá wọn ṣe ètùtù rẹ̀, n ó sì tún ṣe é nígbà tí Ifá bá béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ifá ni ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rù òbí. Ẹni tí yóò sì gbé ọ̀rọ̀ ọmọ dé iwájú ọpọ́n, ó yẹ kí ó ti mọ bí ọkàn ọmọ ṣe ń dàgbà. Èdè wa mọ̀ pé ìdàgbàsókè ní ìpele: a ní ìkókó, a ní ọmọ ọwọ́, a ní ọmọ ìrákòrò, a ní màjèsín, a ní ọ̀dọ́langba. Àwọn tí ó sọ ìpele wọ̀nyí lórúkọ kò retí pé kí ìwà ọ̀kan bá ti èkejì mu.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkókó. Ní ìlú yìí, agbẹ̀bí a máa gún gìgísẹ̀ ọmọ ní ọjọ́ karùn-ún láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní àárín ọjọ́ wọ̀nyí kan náà ni babaláwo ń ṣe àkọ́sẹ̀jayé fún un, tí a ó sì sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ìkókó fúnra rẹ̀ ń kọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ ni pé, bí òun bá ké, ǹjẹ́ ẹnìkan yóò dá òun lóhùn? John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1951, ó sì fi hàn pé ọmọ tí kò rí olùtọ́jú kan pàtó fara tì a máa jìyà rẹ̀ nínú ọkàn. Mary Ainsworth lọ wo àwọn ìyá àti ọmọ wọn ní Uganda, ó rí i pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ìyá rẹ̀ ni ó ń ní ìgboyà láti rá kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ wo ayé, kí ó tó tún rá padà. Ìyá tí ó fi ọ̀já pọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́.

Ní nǹkan bí oṣù 8, ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àjèjì. Ìyá àgbà dé láti Ìbàdàn, ó na ọwọ́, ọmọ fi igbe ta. Ẹnìkan yóò sì sọ pé ọmọ yìí rí nǹkan lára màmá. Kò rí nǹkan kan. Ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ẹni tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìyókù ni, àmì ìlera sì ni. Kí màmá jókòó ti ìyá ọmọ fún ìgbà díẹ̀, kí ó má fi ipá gbé e. Ọmọ náà yóò wá bá a. Irú ọ̀rọ̀ àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ ìyá àgbà mìíràn di àjẹ́ nínú ilé ọmọ tí ó bí.

Ọmọ ọdún 2 kò ní ọ̀rọ̀ tó láti fi sọ ìbínú rẹ̀, ara ni ó fi ń sọ ọ́: yóò nà gbalaja sílẹ̀ ní ilé ìtajà. Ìyẹn náà yóò kọjá bí ọ̀rọ̀ bá ti ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọdún 3 sí 7 ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ìgbà yìí ni ọmọ ń ní ọ̀rẹ́ tí a kò rí, tí ó ń fún un lórúkọ, tí ó ń bu oúnjẹ fún un. Ọmọ onígbàgbọ́ a máa ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mùsùlùmí a máa ní in, ọmọ ẹni tí kò sin nǹkan kan náà a máa ní in. Ọ̀rẹ́ náà ni ó fi ń kọ́ bí a ṣe ń báni sọ̀rọ̀, òun ni ó sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò lé e tàbí tí a kó lọ sí ilé mìíràn. Àwọn kan a máa ké lóru, ojú wọn là sílẹ̀, wọn kò mọ ẹni tí ó dì wọ́n mú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn kò rántí. Ọ̀rọ̀ oorun ni èyí, ọjọ́ orí a sì máa mú un lọ.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo ni pé ọmọ ọjọ́ orí yìí kò tíì lè ya èrò rẹ̀ sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ó lè rò pé ìbínú òun ni ó mú bàbá òun kúrò nílé. Bí a bá wá sọ létí rẹ̀ pé àwọn ará ọ̀run ń pè é, ohun tí yóò gbọ́ ni pé òun kì í ṣe ará ilé yìí, pé ìyá òun ń bẹ̀rù òun, pé òun lè kú nígbàkígbà. Àwọn baba wa kọ ilà sí ara àbíkú. Lónìí a mọ̀ pé àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde ni ó ń pa àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà. A kò kọ ilà mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wa ṣì ń kọ ilà sí ọkàn ọmọ.

Bí ọmọ bá ti ń lo ọdún bíi mélòó kan nílé-ìwé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn. Erik Erikson, nínú ìwé rẹ̀ Childhood and Society tí ó jáde ní 1950, sọ pé ní ìgbà yìí ọmọ ń wá ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe, àti pé bí kò bá rí i, yóò ka ara rẹ̀ sí aláìjámọ́-nǹkan. Ní ti àwọn ọmọ wa, ìdánwò mìíràn tún wà. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ fún eré ìdárayá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì béèrè pé kí ni. Bí a kò bá tíì fún un ní èsì, ìtìjú ni yóò fi dáhùn. Ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan: “Ìlẹ̀kẹ̀ ìdílé wa ni, ó ń rán mi létí ibi tí mo ti wá.” Ó tó.

Ọ̀dọ́langba ni ó ń dẹ́rù ba àwọn òbí jù. Ọmọ ọdún 14 tí kò rí oorun sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí kò sì lè jí láàárọ̀, kì í lọ sí ìpàdé kankan lóru. Ara ọ̀dọ́langba a máa pẹ́ kí ó tó béèrè oorun ju ara àgbà lọ. Apá iwájú ọpọlọ, tí a fi ń kó ara ẹni níjàánu, kì í dàgbà tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ọdún 20, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀lára ti ń ru sókè nínú rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn nítorí pé ó ń wá ẹni tí òun jẹ́. Bí ó bá sì béèrè ìdí tí a fi ń bọ òrìṣà, kí a dá a lóhùn bí ẹni tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn òbí kan fẹ́ kí a fá orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ìwà rẹ̀ lè tọ́. N kò fara mọ́ ọn. Àyàfi bí Ifá bá sọ pé ẹ̀mí tàbí ìlera ọmọ wà nínú rẹ̀, kí a dúró títí ọmọ náà yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé orúkọ lásán kò lè pa ọmọ, kí ó rántí Victoria Climbié, ọmọ ọdún 8 láti Ivory Coast, tí ó kú ní London ní 2000 lẹ́yìn ìyà gbígbóná lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀mí burúkú wà lára rẹ̀. Kí ó rántí Kristy Bamu, ọmọ ọdún 15, tí wọ́n fi ìyà pa ní London ní ọjọ́ Kérésìmesì 2010, nítorí wọ́n ní àjẹ́ ni. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ọmọ ilé òrìṣà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí a kò yẹ̀ wò, ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà wọ gbogbo ilé.

Àwọn àgbà kan yóò ní ìwé òyìnbó ni mo ń kà. Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn Orí tiwa. Orí tí a yàn nílé Àjàlá kò dá iṣẹ́ ṣe. Ẹsẹ̀ ni yóò gbé e, ìwà ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó sì kọ́kọ́ ń tọ́jú orí ọmọ ni àgbà tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórìṣà, bí òbí bá gbé ẹjọ́ ọmọ dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún rẹ̀, oorun rẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀, àti ohun tí ó yí padà nínú ilé. Ẹ má ṣe dá Ifá ẹlẹ́gbẹ́ lójú ọmọ. Bí ìbànújẹ́ ọmọ bá ti ń wọ ọ̀sẹ̀ kejì, tí kò jẹun, tí ó ń pa ara rẹ̀ lára tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹbọ kò ní bínú sí ìtọ́jú. Ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà, ẹ̀yin ni ẹ ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń wo ọmọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń kọ́ bí a ṣe ń wo ẹ̀ẹ́rìndínlógún.

Kí Ọ̀ṣun fi omi tútù wo ọkàn àwọn ọmọ wa. Kí orí wọn má ṣe bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Àṣẹ.