Gbẹ̀gìrì Ìyá Ọkọ ní Koumassi

Ọkọ̀ tí ó ń gbé èrò láti Èjìgbò lọ sí Abidjan máa ń kọjá ẹnubodè mẹ́rin kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ó ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ Benin, ó ń la Togo já, ó ń la Ghana já, ó sì ń wọ Côte d'Ivoire ní Noé. Nígbà tí èrò bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á ti wú, búrẹ́dì orí ìrìn á ti sú ẹnu, ọbẹ̀ ilé ni ọ̀nà ọ̀fun á sì máa béèrè.

Báyìí ni ìyá ọkọ kan ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, tí ó wọ ilé ọmọ rẹ̀ ní Koumassi. Ìyàwó ilé kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi tútù wá.

"Màmá, kí ni kí n sè fún yín?"

"Ìyàwó mi, o ṣeun. Èlùbọ́ wà nínú báàgì mi. Fi ro àmàlà fún mi, kí o wá bá mi se gbẹ̀gìrì díẹ̀ tì í. Kò sí ohun mìíràn tí ẹnu mi ń fẹ́."

Ìyàwó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sinmi. Ó wọ ilé ìdáná lọ, àyà rẹ̀ ń já. Abidjan ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé àti Júlà ni ó fi ń tajà lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí ó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dín alloco, ó sì mọ attiéké tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára láti òkèèrè. Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ó ti jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ ní òde ìnáwó, àmọ́ kò dá a sè rí. Aago márùn-ún sì ti kọjá.

Kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí ń bá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ni, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Wọ́n wà ní Treichville, wọ́n wà ní Adjamé, wọ́n wà ní Koumassi. Àwọn tí ó padà wálé sì gbé Faransé bọ̀ débi pé ẹni tí ó bá dé Èjìgbò lè gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá arúgbó tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè máa ń kọjá lẹ́nubodè láìgba ìwé ìrìnnà. Ọbẹ̀ ni kì í rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan, ohun tí ọjà Abidjan ń tà ni yóò máa jẹ, ìyá tí ó bá sì ń ti ìsọ̀ dé ní aago méje alẹ́ kò ní jókòó máa bó ẹ̀wà.

Bíbó yẹn gan-an ni gbogbo wàhálà. Gbẹ̀gìrì kì í ṣe ẹ̀wà sísè tí a da epo sí. Èèpo ara ẹ̀wà kì í yọ́, bí a tilẹ̀ ń sè é di ọ̀la. Bí èèpo bá wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ náà á máa họ ahọ́n, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú. Inú ẹ̀wà ló ń yọ́. Nígbà tí èèpo bá ti kúrò tán tí iná sì jẹ ẹ́ dé ibi tí ó yẹ, ẹ̀wà fúnra rẹ̀ á tú sínú omi, á sì ki láìsí ìyẹ̀fun kankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá àgbà fi ń rẹ ẹ̀wà sínú omi fún bí ìṣẹ́jú 15, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, tí wọ́n ń da omi sí i kí èèpo lè léfòó, tí wọ́n ń da èèpo nù, tí wọ́n á tún bu omi mìíràn. Ife ẹ̀wà méjì péré lè gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá ní wákàtí kan.

Ìyá àgbà kan wà nínú àgbàlá ibẹ̀, ẹni tí ó ti ń gbé Abidjan kí wọ́n tó bí ìyàwó yìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó sáré lọ. Ìyá náà bi í pé aago mélòó ló lù. Nígbà tí ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, fi ẹ̀wà sílẹ̀ di Sátidé. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, ní kí wọ́n fún ọ ní pois cassés. Bí o bá rí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, òun ni kí o mú. Bí kò bá sí, mú aláwọ̀ ewé, epo pupa á bá ọ tún un ṣe."

Lédè Faransé, orúkọ yẹn ń sọ nípa ẹ̀wà tí wọ́n ti fọ́. Kì í ṣe ẹ̀wà tiwa yìí rárá, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Ilẹ̀ tútù ló ń hù sí, Kánádà sì wà lára àwọn tí ó ń gbìn ín jù láyé. Roboto ni lórí igi rẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ̀rọ á bó èèpo rẹ̀ kúrò, bí èèpo bá sì ti lọ, kò sí ohun tí ó so apá méjèèjì pọ̀ mọ́, ni wọ́n bá là sí méjì fúnra wọn. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ wákàtí kan tí àtẹ́lẹwọ́ ń ṣe, ẹ̀rọ ti ṣe é kí ó tó wọ ọ̀rá. Àwọn òyìnbó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Ní Netherlands, wọ́n ń se é ki débi pé wọ́n máa ń fi ṣíbí dán an wò: bí ṣíbí kò bá lè dá dúró nínú rẹ̀, wọn kò kà á sí ọbẹ̀. Ní Sweden, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi sọrí rẹ̀, páńkéèkì ni wọ́n sì ń jẹ tẹ̀ lé e. Yorùbá tí ó bá débẹ̀ yóò rí i pé gbẹ̀gìrì ni wọ́n ń sè, epo àti irú ni wọn kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wà ńbẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Òkè òkun ni ẹ̀wà lílà yìí ti ń wá, ohun tí ó bá sì ti òkè òkun wá, ọwọ́ ẹlòmíràn ni iye rẹ̀ wà. Àwọn àgbà Abidjan kò gbàgbé oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1994, tí wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì lójijì. Fúráǹkì Faransé kan tí ó jẹ́ 50 CFA lánàá di 100 CFA. Ẹ̀wà tiwa, tí wọ́n ń pè ní niébé níbẹ̀, kò gba òkun kọjá kí ó tó dé ọjà. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ọmọ púpọ̀ láti bọ́ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀wà lílà di oúnjẹ ojoojúmọ́ torí pé ó rọrùn. Kò sí ohun tí ara ń rí nínú ọ̀kan tí kò rí nínú èkejì: bí ìdámẹ́rin ìwọ̀n ẹ̀wà gbígbẹ, yálà tibí tàbí tọ̀hún, ló jẹ́ purotéènì tí ó ń mú ọmọ dàgbà. Bí àsìkò bá wà, ẹ bó ife ẹ̀wà kan, kí ẹ fi ife ẹ̀wà lílà kan kún un. Adùn ilé á wà níbẹ̀, iṣẹ́ á sì dín kù sí ìdajì.

Bí ìyàwó yìí ṣe sè é nìyí. Ó ṣa ife méjì, ó yọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí omi fi mọ́. Kò rẹ ẹ́, ẹ̀wà lílà kò nílò rírẹ. Ó bu ife omi mẹ́fà sí i, ó gbé e sórí gáàsì. Nígbà tí ó hó, ìfófò funfun gùn ún lórí, ó fi ṣíbí kó o dànù, ó sì ṣí ọmọrí díẹ̀, nítorí ìfófò yìí máa ń rú kọjá etí ìkòkò, ó sì máa ń pa iná gáàsì láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Ó wá dín iná kù.

Ó fẹ́ fi káún sí i kí ó lè tètè rọ̀. Ìyá àgbà ní rárá. Àgbàdo gbígbẹ tàbí ẹ̀wà líle lè máa wá káún; ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti là, kí ló kù tí káún fẹ́ ṣe? Káún a sì máa pa fítámì B1 tí ó wà nínú ẹ̀wà, ọṣẹ ni àpọ̀jù rẹ̀ sì ń jọ lẹ́nu. Bákan náà ni tòmátì: bí ó bá tètè wọ inú ìkòkò, omi kíkan rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀. Gbẹ̀gìrì gidi kò tilẹ̀ nílò tòmátì. Bí ẹ bá rí ẹ̀wà lílà tí ó ti wà lórí iná fún wákàtí kan àbọ̀ tí ó ṣì le, ẹ má bínú sí gáàsì yín, ó ti pẹ́ jù nínú ṣọ́ọ̀bù ni.

Láàárín ìṣẹ́jú 50, tirẹ̀ ti ń tú. Ó fi ìjábẹ̀ jà á bí ẹni ń ja ewédú, ó wá fi asẹ́ sẹ́ ẹ, nítorí ìwọ̀nba kókó tí kò tú. Ó dá a padà sórí iná, ó bu epo pupa ṣíbí ńlá mẹ́ta sí i, ó fi ata gígún, iyọ̀, àti ẹja yíyan tí ó ti fi omi gbóná fọ̀, tí ó sì ti yọ egungun rẹ̀. Irú ni ó kù. Ní ọjà Abidjan, ẹni tí ó bá béèrè irú lè dúró títí, àmọ́ bí ó bá béèrè soumbala, wọ́n á nà án sí i kíá, irú náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ewédú: kplala ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ó sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń kó gba ẹnubodè mẹ́rin kọjá, orúkọ rẹ̀ ni wọn kò mọ̀.

Láti ìgbà tí epo bá ti wọ̀ ọ́, ẹni tí ń se gbẹ̀gìrì kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Ọbẹ̀ tí ó bá ki báyìí a máa lọ sísàlẹ̀, ìdí ìkòkò á sì gbà á. Gbẹ̀gìrì tí ó bá ti jóná ní ìdí, kò sí irú tí ó lè bo òórùn rẹ̀. Iná kékeré, ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ṣíbí máa kan ìsàlẹ̀ ìkòkò ṣáá. Bí ó bá ti ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, ẹ dúró lókèèrè díẹ̀, ó ń ta sí ọwọ́, ó sì ń jó ni gidi. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ sọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá ṣì ṣàn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ, torí yóò tún ki sí i bí ó bá ń tutù.

Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ńkọ́? Ooru Abidjan kì í ṣàánú ọbẹ̀ ẹ̀wà. Ìkòkò ńlá tí ẹ bo ọmọrí lé, tí ẹ sì fi sílẹ̀ lórí tábìlì di òwúrọ̀, yóò ti kan, bí òórùn rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì yí padà púpọ̀. Ẹ bù ú sínú abọ́ pẹrẹsẹ kí ó lè tètè tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ fi omi gbóná díẹ̀ là á, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó dáadáa. Kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò tó. Níbi tí iná bá ti ń lọ léraléra, ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ tán ni kí wọ́n sè.

Aago méje kù díẹ̀ nígbà tí ìyàwó gbé oúnjẹ kalẹ̀: àmàlà, kplala tí ó jà dáadáa, àti gbẹ̀gìrì. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ju ti Èjìgbò lọ díẹ̀, ìyẹn kò ṣe é fi pamọ́. Adùn rẹ̀ náà fẹ́ẹ́ dà bí ẹni fi ṣúgà kín-ń-kín sí i, ìwà ẹ̀wà lílà nìyẹn, ata àti irú ni ó máa ń bá a wí. Àwọn ọmọ, tí wọ́n máa ń ti abọ́ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ ẹ́ nítorí kò sí èèpo tí wọ́n máa tu dànù. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó díbọ́n bí ẹni ń nu ọwọ́.

Ìyá ọkọ bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì. Ó bu èkejì.

"Ìyàwó mi, ẹ̀wà wo lèyí?"

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó sọ òótọ́ látòkè délẹ̀: àìmọ̀ ọ́n sè, ìyá àgbà inú àgbàlá, ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀wà òyìnbó. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n wo inú abọ́, wọ́n ní kí ó dìde.

"O sè é rọ̀ dáadáa. Irú rẹ ni kò tó."

Wọ́n fa báàgì wọn sún mọ́ra, wọ́n tú ọ̀rá dúdú kan lábẹ́ èlùbọ́, gbogbo yàrá sì gba òórùn irú Èjìgbò. Wọ́n ní kí ó gbé ìkòkò padà sórí iná díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀rá pois cassés kan, àti pé ní Sátidé, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ó gbé ẹ̀wà àti abọ́ ńlá méjì wá sí ìta, kí àwọn jọ bó o.